Bí Mo Ṣe Dán Pátákó Fọ́nrán Dígí Wò Pẹ̀lú Ìyára Ìfà Tó Yàtọ̀ Síra

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ mọ̀: bí a bá rọra fa pátákó tí a fi aṣọ fọ́nrán dígí àti ẹ́pọ́sì (àtè olómi tó máa ń gan) ṣe, tí a sì tún fi ìyára fa irú rẹ̀ mìíràn, ṣé agbára kan náà ni yóò gbà kí ó tó já? Kí n má baà ka ìyàtọ̀ tó wà láàárín pátákó méjì sí iṣẹ́ ìyára, láti ara pátákó kan ṣoṣo ni mo ti gé gbogbo wọn. Mo gé àwọn kan gẹ́gẹ́ bí fọ́nrán ṣe nà lọ, mo sì gé àwọn yòókù ní ìgun dígírì 45 sí fọ́nrán. Ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn ní mìlímítà 250, ó sì fẹ̀ ní 25. Lẹ́yìn tí mo ti lẹ ibi tí ẹ̀rọ yóò ti di orí àti ìdí rẹ̀ mú, 150 ló ṣẹ́kù láàárín.

Ìṣirò ló ṣáájú. Bí ẹ̀rọ bá ń rìn ní mìlímítà 2 ní ìṣẹ́jú kan, ìnà, ìyẹn bí gígùn ṣe ń pọ̀ sí i tí a bá pín in sí mìlímítà 150 yẹn, jẹ́ nǹkan bí 0.00022 ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá rìn ní 500, ó di nǹkan bí 0.056. Ṣùgbọ́n ìṣirò lásán nìyẹn, nítorí pé eyín tó di pátákó mú àti òpó ẹ̀rọ fúnra wọn náà ń nà díẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi lẹ gééjì kékeré tó ń wọn ìnà mọ́ àárín pátákó, kí ó lè sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ gan-an. Fún àwọn onígun 45, líle ìbẹ̀rẹ̀ nìkan ni mo fi gééjì wọ̀n, nítorí wọ́n ń nà púpọ̀ ju ohun tí ó lè bá dé òpin.

Àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ náà gba ìrònú. Pátákó tí yóò já lẹ́yìn tó bá ti nà ní mìlímítà 3 yóò lo ìṣẹ́jú kan àbọ̀ nínú ìfà díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n nínú ìfà kíákíá, kò ní lò tó ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá. Ẹ̀rọ tó bá ń kọ nǹkan sílẹ̀ nígbà mẹ́wàá péré ní ìṣẹ́jú-àáyá kan yóò rí ibi mẹ́ta tàbí mẹ́rin nìkan lórí gbogbo ìlà náà, ó sì ṣeé ṣe kí ó má rí òtéńté rẹ̀ rárá. Mo gbé e ga dé ẹgbẹ̀rún kan kí n tó bẹ̀rẹ̀.

Àwọn tí mo gé gẹ́gẹ́ bí fọ́nrán ṣe nà gba agbára tó pọ̀ díẹ̀ sí i bí ìyára ṣe ń pọ̀, nítorí pé fọ́nrán dígí fúnra rẹ̀ máa ń lágbára sí i bí a bá fi ìyára fà á. Ká ní fọ́nrán kábọ́ọ̀nù ni, ìyàtọ̀ náà ì bá fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn. Àwọn onígun 45 ló fi ọ̀rọ̀ náà hàn kedere jù lọ, torí ẹ́pọ́sì ló ń ru ẹrù tó pọ̀ níbẹ̀: bí a bá fà á kíákíá, àwọn mólékù rẹ̀ kì í ráyè yí ipò padà, ó sì ń le koko. Nínú ìfà díẹ̀díẹ̀, mo rí i tí funfun kọ́kọ́ yọ ní àárín pátákó, tó ń ràn lọ sí orí àti ìdí, bí fọ́nrán ṣe ń yí padà sí ìhà ìfà tí ara pátákó sì ń tín-ín-rín. Nígbà tí mo fọwọ́ kan ojú ibi tí èyí tí a fà kíákíá ti já, ó lọ́ wọ́rọ́wọ́rọ́, nítorí pé ooru kò tíì ráyè jáde. Ooru yẹn sì lè rọ ẹ́pọ́sì, kí ó jẹ nínú agbára tí ìyára fi kún un.

Ẹ̀rọ mi kò lè yára ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí ìkọlù ń ṣe, níbi tí ìnà ti ń wọ ọgọ́rùn-ún tàbí ẹgbẹ̀rún ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ọ̀pá Hopkinson ni yóò lò, ìyẹn ọ̀pá gígùn tí ìgbì ìkọlù ń gbà dé ara ohun tí a ń dán wò, irú èyí tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Kolsky gbé jáde ní ọdún 1949. Nínú ìròyìn mi, mo kọ ìyára ìnà sí ẹ̀gbẹ́ agbára kọ̀ọ̀kan, n kò sì fa ìlà náà kọjá ibi tí ìdánwò mi dé.