“Náà” Kọ́ Ni “The”: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nínú Lílo A, An àti The

Ọ̀rọ̀ kékeré mẹ́ta ni a, an àti the, ṣùgbọ́n wọ́n ń da ẹni tó ti ń sọ Gẹ̀ẹ́sì láti ọdún pípẹ́ láàmú. Òṣùwọ̀n Yorùbá la fi ń wọn Gẹ̀ẹ́sì, ibẹ̀ sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú àṣìṣe wa ti ń wá.

Má ṣe gbà pé “náà” ni “the”. Tí a bá ní “ti ilẹ̀kùn”, kò sí “náà” níbẹ̀, síbẹ̀ ẹni tí a bá sọ̀rọ̀ mọ ilẹ̀kùn tí à ń wí. Ẹni tó bá tú u bó ṣe wà á ní “Close door”. “Close the door” ni Gẹ̀ẹ́sì ń fẹ́. Nǹkan tí a ti dárúkọ tẹ́lẹ̀ la sábà máa ń fi “náà” sí ní Yorùbá. Ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń bèèrè yàtọ̀: ṣé ẹni tó ń gbọ́ mọ èyí tí mò ń sọ gan-an? Tó bá mọ̀ ọ́n, “the” ni, ì báà jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tí a máa dárúkọ rẹ̀ nìyẹn.

Wo èyí dáadáa: “I bought a book and a pen. The pen is bad. I will take it back to the shop.” Ẹni tó ń gbọ́ kò mọ ìwé tàbí kálàmù kankan tẹ́lẹ̀, nítorí náà “a” ló bẹ̀rẹ̀. Ní gbólóhùn kejì, ó ti mọ kálàmù tí à ń wí, ó di “the pen”. “The shop” ni kí o tẹjú mọ́. A kò dárúkọ ṣọ́ọ̀bù kankan rí, ṣùgbọ́n ẹni tó ra ọjà ní láti rà á níbì kan, olùgbọ́ á sì fòye mọ̀ ọ́n. Irú “the” yìí la máa ń fò jù, torí pé “náà” kò ní wá sí wa lẹ́nu níbẹ̀.

“Kan” ní wàhálà tirẹ̀. Má tú “ọkùnrin kan wá” sí “One man came”, àfi tí o bá ń ka iye, pé ọ̀kan ló wá, kì í ṣe méjì. “A man came” ló tọ́. Nígbà míì ẹ̀wẹ̀, Yorùbá kò ní lo “kan” rárá, Gẹ̀ẹ́sì á sì fi dandan gba “a”. “Olùkọ́ ni ìyá mi” kò lè di “My mother is teacher”. “My mother is a teacher” ni. Bákan náà, “ọ̀rẹ́ mi kan” kì í ṣe “one my friend” tàbí “a my friend”. “A friend of mine” ni wọ́n ń sọ.

Má fi “a” tàbí “an” sí ọ̀rọ̀ orúkọ aláìṣeékà. Advice, information, furniture, luggage, equipment, homework àti news wà lára wọn. A lè ka ìmọ̀ràn ní Yorùbá, ìmọ̀ràn kan, ìmọ̀ràn méjì, ìdí nìyẹn tí “an advice” fi ń jáde lẹ́nu wa. Sọ pé “some advice” tàbí “a piece of advice”. Má sì fi “s” kún un: kò sí “advices”, kò sí “furnitures”.

Ní ti a àti an, etí ni kí o lò, má wo lẹ́tà. “An hour” àti “an honest man” ni, torí pé a kì í pe “h” wọn. “A university” àti “a European” ni, torí pé ìró “y” ló bẹ̀rẹ̀ wọn, bíi ti “yàrá”. Ìró “w” ló bẹ̀rẹ̀ “one”, nítorí náà “a one-way street” ni. “An SMS” ni a ń kọ, torí “ẹs” là ń pè é. Ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e gan-an ló ń pinnu: “an umbrella”, ṣùgbọ́n “a big umbrella”.

Àwọn míì máa ń fi “the” síbi gbogbo. “I like dogs” ni tó bá jẹ́ ajá lápapọ̀. “I like the dogs” ń tọ́ka sí àwọn ajá kan pàtó. “Life is hard” ni, kì í ṣe “The life is hard”. Ọ̀pọ̀ orúkọ orílẹ̀-èdè kì í gba “the”, àyàfi irú the Netherlands, the Gambia àti the United States. Odò ń gbà á, bíi the Nile. Lake Victoria kò gbà á.

Èyí tó lè yí ọ̀rọ̀ rẹ padà pátápátá rèé. “He is in prison” túmọ̀ sí pé ẹlẹ́wọ̀n ni. “He is in the prison” lè jẹ́ ẹni tó lọ kí èèyàn níbẹ̀. “I have a few friends” ń sọ pé mo ní ọ̀rẹ́ díẹ̀, ó sì tẹ́ mi lọ́rùn. Yọ “a” kúrò, “I have few friends”, ó ti di ẹ̀dùn ọkàn: àwọn ọ̀rẹ́ tí mo ní kò tó nǹkan. “Little” àti “a little” náà ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Kí o tó fi lẹ́tà ránṣẹ́, fa ìlà sábẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀ orúkọ aṣeékà tó jẹ́ ẹyọ kan. Kò yẹ kí ó dá dúró: a, an, the, my, this tàbí irú wọn gbọ́dọ̀ ṣáájú rẹ̀. Àkànlò bíi “by bus” àti “at night” nìkan ni kí o fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Tí o bá rí “I am writing to apply for job”, “job” ló dá dúró yẹn. Tí ẹni tí ò ń kọ̀wé sí bá ti kéde iṣẹ́ náà, kọ “the job”. Tí kò bá kéde kankan, “a job” ni.