Ilé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn lọ́dà l'Ájàṣẹ́, kí la máa yẹ̀ wò ká tó sanwó?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo rí ilé àtijọ́ kan tí mo fẹ́ rà l'Ájàṣẹ́ (Porto-Novo), ògiri amọ̀ ni, wọ́n ti kùn ún lọ́dà tuntun ó mọ́ rekete, àmọ́ nísàlẹ̀ lẹ́bàá ilẹ̀ ọ̀dà yẹn ti ń wú, tí mo bá fọwọ́ kàn án á bó, nǹkan funfun bí ìyẹ̀fun á kù sí mi lọ́wọ́. Ẹni tó ń tà á ní ọ̀dà ni ò dáa.

Ìdáhùn: Rárá o àbúrò, ọ̀dà kọ́. Omi ló ń gòkè látinú ilẹ̀, nǹkan funfun yẹn, iyọ̀ ni, omi ló gbé e wá, tómi bá gbẹ tán iyọ̀ á kù sójú ògiri. Àwọn tó ń yẹ ilé wò, ibi tómi ń gbà wọlé ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń wá. Wò ó bóyá sìmẹ́ǹtì ni wọ́n fi rẹ́ ẹ, torí púpọ̀ nínú ilé àtijọ́ wa, títí kan èyí táwọn Àgùdà tó ti Brazil padà wálé kọ́, amọ̀ ni, amọ̀ sì fẹ́ kí omi ara ẹ̀ ráyè jáde, tóo bá fi sìmẹ́ǹtì dí i pa, inú á máa rọ̀ tí ìta á ṣì le. Fi ìka kan ògiri yẹn, ibi tó bá ń dún bí igbá òfìfo, sìmẹ́ǹtì ti yà lára amọ̀ nìyẹn.

Ìbéèrè: Ó tún sán láti igun fèrèsé lọ sókè ńkọ́?

Ìdáhùn: Èyí tó tín-ín-rín bí irun kì í ṣe wàhálà. Àmọ́ tó bá dagun, tẹ́nu ẹ̀ ju mílímítà 5 lọ, ìpìlẹ̀ ló ṣeé ṣe kó ń rì. Fi pẹ́ńsù sàmì sí ibi tó parí sí, kọ ọjọ́ sí i, padà lọ wò ó lẹ́yìn oṣù kan, tó bá ti kọjá àmì yẹn má tíì sanwó, pe mọlémọlé tóo gbẹ́kẹ̀ lé.

Ìbéèrè: Òrùlé ńkọ́?

Ìdáhùn: Wọlé lọ́sàn-án, ti ilẹ̀kùn, gbójú sókè, ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti ń yọ lára páànù, òjò á gbabẹ̀. Fi ìṣó gún igi àjà, tó bá wọlé wẹ́rẹ́, ikán ti jẹ ẹ́.

Jọ̀ọ́, lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ tójò bá rọ̀. Ọyẹ́ lèmi ra tèmi, gbogbo ilẹ̀ gbẹ táútáú, nígbà tó di oṣù kẹfà omi dé kókósẹ̀ mi nílé ìdáná, ó dùn mí gan-an. Ìyá tó ń ta àkàrà lójúde ibẹ̀ ló wá ń fi ibi tómi ń dé lọ́dọọdún hàn mí lára ògiri tiẹ̀, mi ò sì bi í rí.