Bí a ṣe lè mú kí Tógò wọ Ilé-ẹjọ́ ICC

Ọ̀nà etí òkun láti Èkó dé Accra gba orílẹ̀-èdè mẹ́rin kọjá, mẹ́ta nínú wọn sì ti wà lábẹ́ Ilé-ẹjọ́ Ìwà Ọ̀daràn Àgbáyé tí gbogbo èèyàn ń pè ní ICC. Gánà fi òǹtẹ̀ lu Ìwé Àdéhùn Róòmù, ìwé tó dá ilé-ẹjọ́ náà sílẹ̀, ní 1999, Nàìjíríà ní 2001, Benin ní 2002. Tógò nìkan ló kù. Kò buwọ́ lù ú nígbà tí àwọn yòókù ń buwọ́ lù ú, kò sì tíì wọlé láti ìgbà náà. Àwọn tí a kọ èyí fún ni ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ ọmọnìyàn ní Lomé tàbí Atakpamé, níbi tí àwọn ará wa Ifẹ̀ ti Tógò ń gbé, àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ wọn ní Cotonou, Porto-Novo àti Abuja. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ wúlò fún Guinea-Bissau náà, àmọ́ àwọn yẹn ti buwọ́ lù ú ní 2000, òǹtẹ̀ tó ń sọ ọ́ di dandan ló kù.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí ẹ ń béèrè

Inú gbólóhùn àkọ́kọ́ lẹ́tà ni àṣìṣe ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á ní kí ìjọba buwọ́ lu ìwé àdéhùn náà. Àyè ìbuwọ́lù ti parí láti 31 Oṣù Kejìlá 2000. Ohun tó ṣẹ́ kù fún Tógò ni kó wọlé tààrà, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, èyí tí àwọn ọ́fíìsì Lomé ń pè ní adhésion. Amòfin mínísírì tó bá rí ọ̀rọ̀ mìíràn níbẹ̀ á ti mọ̀ pé ẹni tó kọ lẹ́tà náà kò ka Abala 125 ìwé àdéhùn náà, kò sì ní ka ojú ewé kejì.

Ọ̀nà tí ìwé náà ń gbà rèé. Mínísírì ọ̀rọ̀ òkèèrè àti ti ètò ìdájọ́ á jọ kọ àbá òfin tó fún ìjọba láṣẹ láti wọlé. Ìgbìmọ̀ àwọn mínísítà á gbà á, á di ilé aṣòfin, ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òfin níbẹ̀ á yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á dìbò, ìjọba á sì kéde rẹ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ti ń ṣe àjọyọ̀ nìyẹn, wọ́n sì ti yá jù. Ìbò ilé aṣòfin kì í ṣe ìwọlé. Ó ku ìwé ìwọlé fúnra rẹ̀, tí olórí orílẹ̀-èdè, olórí ìjọba tàbí mínísítà ọ̀rọ̀ òkèèrè gbọ́dọ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ sí, kí wọ́n sì gbé e lọ fún Akọ̀wé Àgbà Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní New York. Títí tó fi dé ibẹ̀, inú dúrọ́ọ̀ ló wà. Ẹ rántí pẹ̀lú pé láti ìgbà tí Tógò ti yí òfin ìpìlẹ̀ rẹ̀ padà ní 2024, ọwọ́ Ààrẹ Ìgbìmọ̀ Mínísítà ni agbára wà, kì í ṣe ọwọ́ Ààrẹ Orílẹ̀-èdè. Ẹ má darí lẹ́tà sí ọ́fíìsì tí kò lè ṣe nǹkan kan sí i.

Ìwé ìwọlé kò ju ojú ewé kan lọ, ṣùgbọ́n ohun tó gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ kò gba àfojúdi: orúkọ ìwé àdéhùn náà àti ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, 17 Oṣù Keje 1998, gbólóhùn tó sọ ní kedere pé Tógò wọlé àti pé á mú àdéhùn náà ṣẹ, orúkọ, ipò àti ìbuwọ́lù, ọjọ́ àti ibi tí wọ́n ti fọwọ́ sí i. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ìjọba sọ ọ̀nà tí ilé-ẹjọ́ á máa gbà kàn sí i àti èdè tí á fẹ́, Faransé tàbí Gẹ̀ẹ́sì. Abala 87 béèrè méjèèjì, àwọn èèyàn sì máa ń gbàgbé wọn. Kò sí àyè láti yọ abala kankan sílẹ̀, nítorí Abala 120 ti dí ọ̀nà yẹn. Bí mínísítà kan bá ń sọ pé àwọn á wọlé àfi ibi kan, ẹ fi abala náà hàn án kí ó tó lọ sọ ọ́ níwájú àwọn oníròyìn.

Fáìlì gbọ́dọ̀ dáhùn kí wọ́n tó béèrè

Ìbéèrè tó ń pa iṣẹ́ yìí jù lọ ni ti ààbò ipò. Abala 27 sọ pé ààrẹ, mínísítà, aṣòfin, kò sí ẹni tí ipò rẹ̀ lè gbà sílẹ̀. Òfin ìpìlẹ̀ ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tó jogún òfin Faransé sì sọ òdìkejì. Ẹ má ṣe bí ẹni pé ìṣòro náà kò sí. Faransé fúnra rẹ̀ ní in, ó sì fi gbólóhùn kan péré kún òfin ìpìlẹ̀ rẹ̀ ní 1999 pé orílẹ̀-èdè náà lè gba àṣẹ ilé-ẹjọ́ náà. Ní Côte d'Ivoire, Ìgbìmọ̀ Òfin Ìpìlẹ̀ sọ ní 2003 pé ìwé àdéhùn náà tako òfin wọn. Nǹkan bí ọdún mẹ́sàn-án ló gbà wọ́n kí wọ́n tó tún un ṣe, wọ́n sì fi òǹtẹ̀ lù ú ní 2013. Armenia gba ọ̀nà mìíràn: ilé-ẹjọ́ òfin ìpìlẹ̀ wọn kọ̀ ọ́ ní 2004, àmọ́ lẹ́yìn tí òfin ìpìlẹ̀ yí padà, ilé-ẹjọ́ kan náà gbà á ní 2023. Nítorí náà, kí fáìlì yín ní gbólóhùn àtúnṣe tí ẹ ti kọ sílẹ̀, ìlà kan tàbí méjì, ní Faransé, kí ẹ sì dámọ̀ràn pé kí ìjọba gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá ilé-ẹjọ́ òfin ìpìlẹ̀ ṣáájú ìbò. Bí ìdájọ́ bá jáde lẹ́yìn ìbò, ọ̀tá á rí ohun mú.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Malaysia. Ìjọba kó ìwé ìwọlé rẹ̀ kalẹ̀ ní 4 Oṣù Kẹta 2019. Abala 126 sọ pé kí a ka 60 ọjọ́, kí òfin náà sì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù tó bá tẹ̀ lé e: 60 ọjọ́ bọ́ sí 3 Oṣù Karùn-ún, ó yẹ kó bẹ̀rẹ̀ ní 1 Oṣù Kẹfà. Ní 29 Oṣù Kẹrin, wọ́n gba ìwé wọn padà. Ariwo tó bẹ́ sílẹ̀ ni pé ọba wọn, tó jẹ́ olórí ológun lórúkọ, lè di ẹni tí wọ́n ń pè lẹ́jọ́, ìjọba kò sì tíì ṣàlàyé fún ará ìlú kí ó tó gbé ìwé lọ. Àlàyé tí ẹ kò bá ṣe ṣáájú, alátakò á bá yín ṣe é.

Ìbéèrè kejì ni ti àtẹ̀yìnwá, ibí yìí ni kí ẹ ti ṣọ́ ẹnu yín. Lẹ́yìn ikú Ààrẹ Eyadéma àti ìdìbò 2005, ìwádìí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé sọ pé èèyàn 400 sí 500 ló kú. Àwọn ẹbí wọn á wá sí ìpàdé yín. Ẹ má ṣe ṣèlérí fún wọn pé ICC á gbọ́ ẹjọ́ yẹn, nítorí Abala 11 sọ pé ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí òfin náà ti bẹ̀rẹ̀ fún orílẹ̀-èdè náà nìkan ni ilé-ẹjọ́ lè dá sí. Àyàfi tí ìjọba fúnra rẹ̀ bá kọ ìwé lábẹ́ Abala 12 pé òun gbà kí wọ́n padà sẹ́yìn, kò sì lè kọjá 1 Oṣù Keje 2002. Òtítọ́ kan náà yìí ni ẹ máa sọ fún àwọn aláṣẹ: ìwọlé lásán kì í hú òkú dìde. Ẹgbẹ́ tó bá sọ ọ̀kan fún ẹbí, tó sọ òmíràn fún mínísítà, ọjọ́ kan ni wọ́n á pàdé nínú yàrá kan náà.

Owó kò yẹ kó gba ju ìpínrọ̀ kan lọ. Wọ́n ń pín ètò ìṣúná ilé-ẹjọ́ náà lé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ lórí gẹ́gẹ́ bí agbára wọn ṣe mọ nínú ìṣirò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Ti 2025 sún mọ́ mílíọ̀nù 195 yúrò. Ilẹ̀ tí ìdá rẹ̀ nínú ètò ìṣúná yẹn kò bá tó 0.01% kò ní san tó 20,000 yúrò lọ́dún. Ọkọ̀ mínísítà kan wọ́n jù ú lọ. Kí ẹ sọ pẹ̀lú pé ẹni tó bá jẹ gbèsè ọdún méjì kò ní lè dìbò mọ́ nínú àpéjọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́.

Bí wọ́n bá ní ilé-ẹjọ́ náà ń dọdẹ aláwọ̀ dúdú, ẹ má bínú, ẹ fi orúkọ dáhùn. Uganda, Congo ti Kinshasa, Central African Republic àti Mali ló fi ẹsẹ̀ ara wọn gbé ẹjọ́ wọn lọ. Wọ́n ti kọ ìwé àṣẹ ìmúni fún Putin ní 2023 àti fún Netanyahu ní 2024. Duterte, ààrẹ Philippines tẹ́lẹ̀, wà ní àhámọ́ wọn láti 2025. Ti Amẹ́ríkà ńkọ́? Ní 2003, Tógò àti Nàìjíríà jọ ṣe àdéhùn pẹ̀lú Amẹ́ríkà pé àwọn kò ní fa ọmọ Amẹ́ríkà lé ICC lọ́wọ́. Nàìjíríà ṣì jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ títí di òní, nítorí náà àdéhùn yẹn kì í ṣe ìdènà.

Ohun tó lè yí ọkàn ológun padà

Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ máa ń sá fún àwọn sójà. Àwọn gan-an ni kí ẹ wá lọ, nítorí kò sí mínísítà tó máa fọwọ́ sí ohun tí àwọn ọ̀gágun kò fẹ́. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sì lè gbọ́ wà nílẹ̀. Láti ìparí 2021 ni àwọn agbébọn ti ń wọ ẹkùn Savanes ní àríwá Tógò láti Burkina Faso, tí wọ́n ń pa sójà àti ará abúlé. Ìwé Róòmù kò yọ àwọn yẹn sílẹ̀. Ní Mali, tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́, ICC dá Al Mahdi, ọ̀kan nínú àwọn agbébọn ibẹ̀, lẹ́bi ní 2016 nítorí àwọn ojúbọ Timbuktu tó wó, ó sì dá Al Hassan, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, lẹ́bi ní 2024. Tógò náà rán sójà púpọ̀ lọ pa àlàáfíà mọ́ ní Mali, Abala 8 sì sọ pé kíkọlu irú àwọn sójà bẹ́ẹ̀ jẹ́ ìwà ọ̀daràn ogun. Ààbò tí wọ́n rí lábẹ́ òfin yẹn, inú ìwé tí orílẹ̀-èdè tiwọn kò gbà ni wọ́n ti rí i.

Ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé: ICC kì í pe orílẹ̀-èdè lẹ́jọ́, ènìyàn ló ń pè. Bí ilé-ẹjọ́ ìlú bá gbọ́ ẹjọ́ náà ní òtítọ́, Abala 17 ní kí ICC yàgò. Òfin ìwà ọ̀daràn Tógò ti 2015 ti dárúkọ pípa ẹ̀yà run, ìwà ọ̀daràn sí ọmọnìyàn àti ìwà ọ̀daràn ogun. Kò sì sí ìjà lórí ìjìyà: Tógò fòpin sí ìdájọ́ ikú ní 2009, ICC náà kì í dájọ́ ikú. Ẹ tẹ ibí yìí mọ́lẹ̀ dáadáa ju gbogbo ohun tó kù lọ. Aláṣẹ tó bá rí i pé ilé-ẹjọ́ tòun ló kọ́kọ́ ní ẹ̀tọ́ sí ẹjọ́ náà kì í bẹ̀rù bíi tẹni tó rò pé Hague, ìlú tí ICC wà, ń dúró de òun.

Ìgbà àti ẹnu tí ẹ máa fi sọ ọ́

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ mínísítà. Ẹ kọ́kọ́ rí amòfin tó ń bójú tó àwọn àdéhùn ní mínísírì ọ̀rọ̀ òkèèrè, torí òun ló máa kọ àkọsílẹ̀ tí ọ̀gá rẹ̀ á kà. Ẹ fún un ní ojú ewé méjì, àti àbá òfin tó ti ṣetán. Àwòkọ́ṣe tó dára ni òfin tí Senegal ṣe ní 2007, nítorí ètò òfin wọn jọra. Àwòkọ́ṣe ẹgbẹ́ Commonwealth náà wà, Tógò sì ti di ọmọ ẹgbẹ́ yẹn ní 2022, ṣùgbọ́n ètò òfin Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n kọ ọ́ fún.

Ní Geneva, àwọn orílẹ̀-èdè máa ń yẹ ara wọn wò lórí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn. Wọ́n yẹ Tógò wò ní 2011, 2016 àti 2022. Ìwé tí ẹgbẹ́ kan bá fi ránṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ ju ọ̀rọ̀ 2,815 lọ. Tí ẹgbẹ́ púpọ̀ bá jọ kọ ọ́, 5,630. Ó yẹ kó dé ní nǹkan bí oṣù mẹ́fà ṣáájú. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé gbólóhùn kan ṣoṣo lọ bá àwọn aṣojú ilẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ ICC. Ìmọ̀ràn tó wá láti ẹnu Benin, Senegal tàbí Gánà wúwo ju ti ilẹ̀ Yúróòpù mẹ́wàá. Kí àwọn alábàáṣiṣẹ́ ní Abuja bá àwọn aṣòfin Tógò tó ń jókòó ní ilé aṣòfin ECOWAS sọ̀rọ̀ pẹ̀lú. Ẹ má sì fi orúkọ olórí ìjọba ṣe àkọlé ìwọ́de. Ìwé tí wọ́n bá kà sí ẹjọ́ ẹnì kan, ẹni náà ni ẹ ń bẹ̀ pé kó fọwọ́ sí i.

Àsìkò kò rọrùn báyìí. Burkina Faso, Mali àti Niger kéde ní Oṣù Kẹsàn-án 2025 pé àwọn ń jáde. Ẹ ní èsì lọ́wọ́: Abala 127 ní kí ọdún kan kọjá lẹ́yìn ìwé ìjáde, ohun tó bá sì ṣẹlẹ̀ ṣáájú kì í parẹ́. Burundi jáde ní 27 Oṣù Kẹwàá 2017. Ọjọ́ méjì ṣáájú, àwọn adájọ́ ti fọwọ́ sí ìwádìí lórí rẹ̀.

Lẹ́yìn tí ìwé bá ti dé New York

Ẹ má tú ẹgbẹ́ ká. Nàìjíríà ti wọlé láti 2001, títí di òní kò tíì sọ ìwé àdéhùn náà di òfin ilé gẹ́gẹ́ bí abala 12 òfin ìpìlẹ̀ rẹ̀ ṣe béèrè. Ní Tógò, òfin tó kù lẹ́yìn ìwọlé gbọ́dọ̀ sọ ẹni tó ń gba ìwé ìbéèrè láti Hague, adájọ́ tó lè pàṣẹ ìmúni, iye ọjọ́ tí ó ní láti fi ẹni náà lé wọn lọ́wọ́, bí wọ́n á ṣe dáàbò bo ẹlẹ́rìí, àti ìjìyà fún ẹni tó bá purọ́ tàbí fi owó ra ẹlẹ́rìí níwájú ilé-ẹjọ́ náà, nítorí Abala 70 ní kí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan sọ ìyẹn di ẹ̀ṣẹ̀ nínú òfin tirẹ̀. Kí àbá òfin yìí ti wà nínú fáìlì yín láti ọjọ́ àkọ́kọ́.