Bí mo ṣe mú coralline hù nínú táńkì omi iyọ̀ mi l'Abẹ́òkúta

Ẹ̀yin èèyàn mi, ó lé ní oṣù mẹ́rin tí mo fi ń wo òkúta funfun nínú táńkì kí n tó rí àwọ̀ elése àlùkò kan ṣoṣo níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe lọ.

Fún ẹni tí ò bá mọ̀ ọ́n, coralline kì í ṣe ewédò tó máa ń yọ̀ yẹn o. Ẹbí àwọn ewé òkun pupa ni, inú omi ló ti ń fa kálísíọ̀mù, ó ń fi mú ara ẹ̀ le bí ìkarahun, ó wá máa lẹ̀ mọ́ òkúta pẹ́kípẹ́kí. Ibi tó bá ti tẹ́ sí, ewédò burúkú kì í fi bẹ́ẹ̀ ráyè níbẹ̀.

Lítà 150 ni táńkì mi, ní pálọ̀ wa l'Ásẹ́rò. Àbúrò mi ní ṣebí ìlú òkúta la wà, kí n lọ ṣa díẹ̀ lẹ́bàá Olúmọ. Mo ní rárá, gíránáìtì nìyẹn, ó ki jù, kò ní àwọn ihò wẹ́wẹ́ tí bakitéríà máa fi ṣelé, mo bá lọ ra òkúta òkun gbígbẹ. Omi ẹ̀rọ ní klóríìnì, ti bọ́hóò wa náà ò mọ́ tó, torí náà asẹ́ RO, èyí tó ń yọ ohun tó bá yọ́ sínú omi kúrò, ni mo fi sẹ́ gbogbo omi kí n tó da iyọ̀ òkun sí i, bíi gíráàmù 35 sí 38 fún lítà kan, títí tí òṣùwọ̀n iyọ̀ (specific gravity) fi ka 1.025. Mo fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún kí amóníà, májèlé tó máa ń wà nínú táńkì tuntun, tó tán. Mo wá ń dúró de coralline, kò yọjú.

Ẹ̀gbọ́n kan l'Ékòó tó ti ń sin ẹja omi iyọ̀ tipẹ́ ló là mí lójú. Mo pè wọ́n, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí tèmi ò hù?" Wọ́n ní, "Àbúrò, kí lo gbìn síbẹ̀? Òkúta gbígbẹ lo kó síbẹ̀, kò sí irúgbìn lára ẹ̀ rárá." Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Lọ́jọ́ Sátidé mo lọ bá wọn, wọ́n fún mi ní òkúta kan tó tó ẹ̀ṣẹ́, àwọ̀ ti bò ó tán, wọ́n tún fi abẹ ha ti ara gíláàsì wọn sínú ìgò pẹ̀lú omi táńkì wọn. Inú kúlà ni mo kó o sí títí mo fi dé Kútọ̀, torí tó bá gbẹ, á funfun, á kú nìyẹn. Nígbà tí mo délé mo pa fílítà fún wákàtí mẹ́fà, mo jẹ́ kí pọ́ọ̀ǹpù máa ṣiṣẹ́, mo wá da èyí tí wọ́n ha yẹn síwájú ẹ̀ kó lè fọ́n ọn ká.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò sí nǹkan kan. Mo wá yẹ omi wò, kálísíọ̀mù 360 ppm (mílígíráàmù nínú lítà kan), alkalinity (agbára tí omi ní láti borí ásíìdì, dKH la fi ń wọ̀n ọ́n) 6.2 dKH, magnésíọ̀mù 1,150 ppm, gbogbo ẹ̀ ló wálẹ̀. Ìkánjú mú mi, mo po calcium chloride fún kálísíọ̀mù, mo po bàkíǹ sódà fún alkalinity, mo da méjèèjì síbi kan náà lẹ́ẹ̀kan náà. Kíá ni omi funfun bí omi ògì, mi ò rí ẹja mọ́. Wọ́n ti so pọ̀, wọ́n ti di ìyẹ̀fun, wọ́n rọ̀ sórí yanrìn, ìwọ̀n tí mò ń wá tún wálẹ̀ sí i. Ó dùn mí gan-an. Lítà 40 ni mo pààrọ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo tó ṣe é bó ṣe yẹ. Magnésíọ̀mù ni mo kọ́kọ́ gbé dé 1,300, torí òun ni kì í jẹ́ kí àwọn yòókù tètè so pọ̀. Bàkíǹ sódà láàárọ̀, kálísíọ̀mù lálẹ́, díẹ̀díẹ̀, mi ò jẹ́ kí alkalinity fi ju 1 dKH gòkè lóòjọ́, títí tó fi dúró sí 8.5, kálísíọ̀mù sì dúró sí 430. Lójú tèmi, kó dúró síbì kan ṣe pàtàkì ju kó ga lọ. Phosphate, èyí tó ń wá láti ara oúnjẹ ẹja, náà wà ní 0.3 ppm, ìyẹn kì í jẹ́ kó lè kọ́ ara ẹ̀ dáadáa, mo bá dín oúnjẹ ẹja kù sí ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́, mò ń pààrọ̀ lítà 15 lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀.

Ooru oṣù kẹta l'Abẹ́òkúta ẹ mọ̀ ọ́n, omi dé 31°C. Fáànù kékeré méjì ni mo kọjú sójú omi, ó bọ́ sí 27, àmọ́ omi á máa fẹ́ lọ, omi RO lásán ni kẹ́ ẹ fi dí i, torí iyọ̀ kì í fẹ́ lọ. Tí wọ́n bá mú iná, ínfátà ló ń gbé pọ́ọ̀ǹpù àti fáànù. Iná táńkì náà, mo dín in láti wákàtí 12 sí 8, mo dín funfun kù, mo fi búlúù sílẹ̀.

Láàárọ̀ Sunday kan mo tan tọ́ọ̀ṣì sẹ́yìn pọ́ọ̀ǹpù níbi tó ṣókùnkùn, mo rí i, ó kéré bí orí píìnì, àwọ̀ ẹ̀ wà láàárín píǹkì àti elése àlùkò. Mo fi ìka nù ún, kò kúrò. Mo ké pe ìyàwó mi, òun náà fi èékánná ha á, kò ṣí! Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ó ti wà lẹ́yìn àwọn ìgbín òkun mi, lẹ́yìn náà ló wá gun abẹ́ òkúta.

Ní báyìí iwájú gíláàsì ni mò ń fi abẹ ha, mi ò kì í pa pọ́ọ̀ǹpù tí mo bá ń ha á, kó lè gbé e lọ síbi tí ò tíì dé. Tí tiyín bá ń funfun lójijì, ẹ tètè yẹ alkalinity wò kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan mìíràn.