Bí mo ṣe kọ́ láti máa fi CPAP, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí ọ̀fun lóru, sùn, àti ohun tó ṣe fún ẹ̀jẹ̀ ríru mi

Ọ̀pọ̀ wa la dàgbà sínú èrò pé ẹni tó bá ń hanrun, oorun rẹ̀ wọra ni. Bàbá tí ìró ọ̀fun rẹ̀ bá ń mi ilé lóru, wọ́n á ní iṣẹ́ ló rẹ̀ ẹ́, ẹ jẹ́ kó sinmi. Nínú ilé wa ní London níbí, ìyàwó mi ni kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó ní kì í ṣe ariwo náà ló ń ba òun lẹ́rù bí kò ṣe ìdákẹ́jẹ́ tó ń tẹ̀ lé e. “Bàbá àwọn ọmọ,” ó ní, “ẹ máa ń hanrun lọ, ẹ ó wá dákẹ́ lójijì. Àyà yín á máa lọ sókè sódò, àmọ́ afẹ́fẹ́ ò ní wọlé. Bí mo bá ti fẹ́ jí yín ni ẹ ó ta gìrì, tí ẹ ó fa èémí bí ẹni tí wọ́n fà yọ nínú odò.”

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ló jẹ́ kí n to àwọn nǹkan mìíràn tó ń ṣe mí pọ̀. Oríṣi oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mẹ́ta ni mò ń lò, síbẹ̀ nọ́ńbà òkè ìfúnpá mi kì í fi bẹ́ẹ̀ kúrò ní 150. Orí máa ń fọ́ mi tí mo bá jí láàárọ̀, tó bá yá á lọ. Mo máa ń dìde tọ̀ lóru léraléra, ẹ̀rù sì ń bà mí pé àtọ̀gbẹ ti wọlé, nítorí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ti fi hàn pé ṣúgà ara mi ti dé ẹnu ààlà. Oorun a sì máa kùn mí lọ́sàn-án, kódà ní ìdí ọkọ̀ nígbà tí iná pupa bá dá wa dúró.

Ẹ̀rí ẹni tó ń bá ènìyàn sùn ṣe pàtàkì gan-an nínú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ẹni tí ó ń ṣe kì í rí i. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ìyàwó mi bá mi lọ sọ́dọ̀ GP wa, ìyẹn dókítà àdúgbò. Dókítà náà fi téèpù wọn ọrùn mi, ó lé ní 40 sẹ̀ǹtímítà, èyí tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àmì tí wọ́n ń wò. Ó wá fún mi ní ìwé ìbéèrè Epworth, èyí tí dókítà Murray Johns gbé jáde ní Melbourne, ní Ọsirélíà, ní 1991. Ìbéèrè mẹ́jọ ló wà nínú rẹ̀: ṣé oorun lè gbé ọ lọ bí o bá ń kàwé, bí o bá ń wo tẹlifíṣọ̀n, bí o bá jókòó sínú ọkọ̀ tí ẹlòmíràn ń wà fún wákàtí kan, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Òdo sí 3 ni wọ́n ń fún ìdáhùn kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ rẹ̀ kò lè ju 24 lọ, bí ó bá sì ti ju 10 lọ, oorun ọ̀sán ẹni náà ti kọjá ìwọ̀n. Ìyàwó mi ló bá mi tún àwọn ìdáhùn kan ṣe kí n tó dá ìwé náà padà, tèmi sì ju 10 lọ dáadáa.

Ó pẹ́ díẹ̀ kí ó tó kàn mí ní ẹ̀ka tó ń tọ́jú oorun ní ilé ìwòsàn. Àyẹ̀wò náà kò le. Wọ́n fún mi ní ẹ̀rọ kékeré kan gbé lọ sílé: bẹ́líìtì kan tí mo dè mọ́ àyà, rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó wọ imú láti máa ka bí mo ṣe ń mí, àti ohun kan tí mo fi há ìka láti máa wọn ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀. Mo sùn pẹ̀lú rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì ara mi, mo sì dá a padà. Ohun tí wọ́n ń kà ni iye ìgbà tí èémí dúró tàbí tí ó fà sẹ́yìn gidigidi láàárín wákàtí kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì gbọ́dọ̀ tó ìṣẹ́jú àáyá 10, ó kéré tán. Ẹni tí tirẹ̀ bá wà láàárín 5 sí 14, àìsàn náà kò tíì le. 15 sí 29 wà ní àárín. 30 lọ sókè ló le. Tèmi jẹ́ 41. Sleep apnea, ìyẹn àìsàn kí èémí máa dúró lójú oorun, ni orúkọ tí wọ́n kọ sínú ìwé mi.

Mo rọ dókítà tó ka èsì náà fún mi pé kí ó ṣàlàyé bí ọ̀rọ̀ ọ̀fun ṣe kan ọkàn, ó sì fara balẹ̀ ṣe é. Bí a bá sùn, iṣan ọ̀fun máa ń dẹ̀. Lára ẹni tí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ti há tẹ́lẹ̀, yálà nítorí ọ̀rá ọrùn tàbí nítorí bí egungun àgbọ̀n rẹ̀ ṣe rí, dídẹ̀ yìí lè dí ọ̀nà náà pátápátá. Ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ á máa wálẹ̀ títí ọpọlọ yóò fi ta ara jí fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kí ọ̀nà lè ṣí, ẹni náà kò sì ní rántí pé òun jí. Ní gbogbo ìgbà tí èyí bá ṣẹlẹ̀ ni ara ń tú adrenaline jáde, tí iṣan ẹ̀jẹ̀ ń fún, tí ọkàn ń sáré, tí ìfúnpá sì ń fò sókè. Ó yẹ kí ìfúnpá ènìyàn lọ sílẹ̀ lóru ní ìdá 10 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún kí ọkàn àti iṣan ẹ̀jẹ̀ lè sinmi, ṣùgbọ́n ọkàn tiwa kì í rí ìsinmi yẹn. Bí àyà bá sì ń fà nígbà tí ọ̀nà dí, agbára fífà náà ń na ògiri ọkàn fúnra rẹ̀, èyí tó wà lára ìdí tí ọkàn tó ń lù ségesège fi wọ́pọ̀ láàárín àwọn tó ní àìsàn yìí. Ọkàn tí a nà bẹ́ẹ̀ máa ń ṣe bí ẹni pé omi ti pọ̀ jù lára, a sì tú èròjà kan jáde tó ń mú kíndìnrín da omi síta. Ibẹ̀ ni mo ti mọ ohun tó ń gbé mi dìde tọ̀ lóru. Ní ti ṣúgà, oorun tó ń já léraléra àti àìtó ọ́síjìn máa ń mú kí ara má gbọ́ ti ínsúlínì mọ́ bó ṣe yẹ.

Kí n tó lọ síwájú, ẹ̀yin tí ẹ ń wakọ̀ ní Britain, òfin wà fún èyí. Ẹni tí àìsàn rẹ̀ bá wà ní àárín tàbí tó bá le, tí oorun sì ń kùn ún lọ́sàn-án, gbọ́dọ̀ sọ fún DVLA, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ìwé àṣẹ awakọ̀, kò sì gbọdọ̀ wakọ̀ títí ìtọ́jú yóò fi kápá oorun náà. Mo sọ fún wọn, mo sì wọ bọ́ọ̀sì ní gbogbo àkókò yẹn.

NHS, ìyẹn ètò ìlera ìjọba, fún mi ní ẹ̀rọ CPAP lọ́fẹ̀ẹ́. Dókítà Colin Sullivan àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Sydney ló kọ́kọ́ kọ̀wé nípa irú ìtọ́jú yìí ní 1981. Kì í fi ọ́síjìn kún afẹ́fẹ́, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò. Afẹ́fẹ́ inú yàrá ló ń fẹ́ gba rọ́bà kan wọ inú ìbòmú, pẹ̀lú agbára tó tó láti mú kí ọ̀nà ọ̀fun wà ní ṣíṣí.

Ìbòmú ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Oríṣi mẹ́ta ló wọ́pọ̀: èyí tó bo imú nìkan, èyí tí orí rọ́bà rẹ̀ kàn wọ ihò imú díẹ̀, àti èyí tó bo imú àti ẹnu pọ̀. Ẹnu mi máa ń ṣí bí mo bá sùn, nítorí náà èyí tó bo méjèèjì ni wọ́n yàn fún mi. Nọ́ọ̀sì tó wọ̀n ọ́n fún mi jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú, bí ó sì ti gbọ́ orúkọ mi ló bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi sọ Yorùbá. “Bọ̀dá, ẹ má ì tíì fún okùn yẹn,” ó ní. “Ẹ dùbúlẹ̀ ná, kí n tan ẹ̀rọ, ká wá tún un ṣe.” Ó ní awọ ojú ènìyàn kì í dúró bákan náà lórí ìjókòó àti lórí ìrọ̀rí, bí a bá sì fún okùn jù, etí rọ́bà náà á ká, afẹ́fẹ́ á sì máa jò sí ojú. Bí mo ti dùbúlẹ̀, ó dẹ okùn ìsàlẹ̀ díẹ̀, ó gbé ìbòmú kúrò lójú mi díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ kún inú rọ́bà, ó tún gbé e padà, ìró jíjò náà sì dáwọ́ dúró. Ó tún ní kí n gé irùngbọ̀n mi mọ́lẹ̀.

Fífi í sùn gba sùúrù. Ìmọ̀ràn tó ràn mí lọ́wọ́ jù ni pé kí n kọ́kọ́ máa lò ó lójú ayé. Nírọ̀lẹ́, mo máa ń jókòó sórí àga pẹ̀lú ìbòmú lójú, ẹ̀rọ á máa ṣiṣẹ́, èmi á máa wo ìròyìn, títí àyà mi kò fi já mọ́ bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ sí mi. Mo tún lo ètò inú ẹ̀rọ náà tó ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ bẹ̀rẹ̀ wẹ́rẹ́, kó máa le sí i díẹ̀díẹ̀ bí oorun ṣe ń gbé mi lọ. Nígbà tí ọ̀fun mi ń gbẹ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bu omi sínú agolo tó ń mú kí afẹ́fẹ́ tutù lọ́rinrin, omi dísítílì ni kì í ṣe ti ẹ̀rọ, nítorí omi ẹ̀rọ London máa ń fi ẹfun sílẹ̀. Ní àràárọ̀ ni mo ń fi ọṣẹ tí kò ta fọ rọ́bà ìbòmú, nítorí òróró ojú ló ń jẹ́ kó máa yọ̀. Ìyá tó bá di irun tàbí tó kó o lè fi síkáàfù tó ń dán wé orí kó tó gbé okùn lé e, kò ní da irun rú.

Ìlò ìdajì òru ò tó, mo fẹ́ tẹnu mọ́ èyí. Oorun ìdájí ni àlá pọ̀ sí jù, àsìkò yẹn náà sì ni iṣan ara máa ń dẹ̀ jù, nítorí náà ẹni tó bá yọ ọ́ ní agogo mẹ́ta òru ti yọ ọ́ nígbà tí ó nílò rẹ̀ jù.

Ohun tó kọ́kọ́ yí padà lára mi ni títọ̀ òru. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dáwọ́ dúró. Lẹ́yìn náà ni orí fífọ́ àárọ̀ lọ, oorun ọ̀sán sì tẹ̀ lé e. Ẹ̀rọ náà ń kọ iye ìgbà tí èémí ń dúró sílẹ̀, ó sì ti bọ́ sí ìsàlẹ̀ 5. Ìfúnpá ló falẹ̀ jù. Ní àpapọ̀, àwọn ìwádìí fi hàn pé ẹ̀rọ yìí ń dín in kù ní nǹkan bí 2 sí 3 mmHg, ó sì lè ju bẹ́ẹ̀ lọ fún ẹni tí oògùn mẹ́ta kò kápá tirẹ̀. Tèmi ti ń wà ní nǹkan bíi 140 báyìí. Dókítà kò yọ oògùn kankan, èmi náà kò sì bẹ̀ ẹ́ pé kó yọ ọ́.

Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé ẹ̀rọ yìí nìkan ló ń gba ọkàn là. Ìwádìí ńlá tí wọ́n pè ní SAVE, tó jáde ní 2016, lo ènìyàn 2,717 tí wọ́n ti ní àrùn ọkàn tàbí ti iṣan ẹ̀jẹ̀ ọpọlọ tẹ́lẹ̀. CPAP dín oorun ọ̀sán wọn kù, ó sì mú ayé wọn dẹrùn sí i, ṣùgbọ́n kò dín ìkọlù ọkàn àti rọpárọsẹ̀ kù. Nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta lé díẹ̀ ni wọ́n ń lò ó lóru, ní ìpíndọ́gba. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ló gbà pé ìlò yẹn kéré jù, èmi náà sì gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣì yẹ kí a mọ èsì náà bí ó ṣe rí.

Bákan náà ni ti ṣúgà. CPAP kò fi bẹ́ẹ̀ mú HbA1c, ìyẹn àyẹ̀wò tó ń fi ìpíndọ́gba ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ hàn, wálẹ̀, àwọn mìíràn tilẹ̀ ń sanra díẹ̀ sí i. Oúnjẹ àti ìrìn ni mo fi dojú kọ ìyẹn: mo gbé ẹ̀bà kúrò ní alẹ́, mo fi ọtí sílẹ̀ nítorí ó ń dẹ ọ̀fun, mo sì ń fẹsẹ̀ rìn dé ibi iṣẹ́. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n fọwọ́ sí tirzepatide, abẹ́rẹ́ tó ń dín sísanra kù, ní oṣù December 2024 fún àwọn tó sanra jọ̀kọ̀tọ̀ tí àìsàn yìí wà lára wọn ní ìwọ̀n àárín tàbí tó le, nítorí sísanra tó dín kù ń tú ọ̀fun sílẹ̀. Ó dára kí ẹni tó bá kàn béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ dókítà.

Nígbà tí a lọ sí Ìbàdàn, mo gbé ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ wọ ọkọ̀ òfuurufú, pẹ̀lú lẹ́tà ilé ìwòsàn, nítorí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú kì í ka irinṣẹ́ ìṣègùn mọ́ ẹrù. Iná ni ìṣòro. Mo pa ohun tó ń mú omi gbóná nínú ẹ̀rọ náà, nítorí òun ló ń jẹ iná jù, báyìí ni ínfátà ilé ẹ̀gbọ́n mi fi gbé e di àárọ̀. Àsìkò ọyẹ́ ni a lọ, eruku pọ̀, asẹ́ afẹ́fẹ́ tó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ sì ń dọ̀tí kíákíá. Bí ẹ bá ń lọ ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀, ẹ kó asẹ́ tuntun mélòó kan dání láti ilé.