Èèkù Revolver Tuntun Tí Kò Jókòó Dáadáa: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Kí a tó dé orí ìbéèrè kankan, ẹ tú ọta kúrò nínú revolver yín, ìbọn ìléwọ́ tí àgbá rẹ̀ ń yí. Ẹ ṣí àgbá náà, níbi tí ọta máa ń wà, ẹ wo ihò kọ̀ọ̀kan, ẹ fi ìka kàn wọ́n, kí ẹ sì gbé ọta lọ sí yàrá mìíràn. Mo mọ̀ pé ẹ ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ tún un yẹ̀ wò.

Ìbéèrè: Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́. Mo ra revolver tuntun, onígi. Lẹ́yìn èèkù, igi yọ ju irin lọ débi pé ó ń kọ́ mi léèékánná. Lókè, níbi tí igi ti pàdé ara ìbọn, àlàfo wà tí bébà lè wọ̀. Ṣé àbùkù ni, àbí bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn?

Ọ̀tọ̀ ni ọ̀ràn igi tó yọ, ọ̀tọ̀ ni ti àlàfo. Igi tó yọ ju irin lọ ṣeé tún ṣe; ó tiẹ̀ sàn ju èyí tó kéré lọ, torí a lè fá igi kúrò, a ò lè fá a padà sí i. Ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń gé èèkù lọ́pọ̀ rẹpẹtẹ lóde òní, wọ́n á sì fi díẹ̀ sílẹ̀ kí ó lè wọ gbogbo ìbọn irú kan náà. Láyé àtijọ́, wọ́n máa ń bá igi àti irin ṣe pọ̀ kí wọ́n tó kó wọn síta. Ìdí nìyẹn tí ẹ ó fi rí nọ́ńbà ìbọn nínú awẹ́ (ẹ̀gbẹ́) èèkù ọwọ́ ọ̀tún lára ìbọn ilé iṣẹ́ Smith & Wesson àtijọ́: igi yẹn kì í ṣe ti ìbọn mìíràn.

Ní ti àlàfo, igi ló sábà máa ń sún kì. Igi kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà ní gígùn rẹ̀, ìbú rẹ̀ ló ń wú tó sì ń sún kì bí afẹ́fẹ́ bá tutù tàbí tó gbẹ. Àlàfo tín-ín-rín lókè yẹn kò ṣe nǹkan kan bí igi kò bá mì. Èmi fẹ́ ẹ ju kí igi fún mọ́ irin níbẹ̀ lọ, torí ibẹ̀ ni ìbọn máa ń ti igi nígbà tó bá tàpá, igi tó bá sì fún jù níbẹ̀ máa ń sán.

Ṣùgbọ́n tuntun ni ìbọn yín. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ kọ̀wé sí ẹni tó tà á fún yín, kí ẹ tó fọwọ́ kan sáńpépà. Bí ẹ bá ti fá igi náà báyìí, ta ni yóò gbà pé bó ṣe wá nìyẹn?

Ìbéèrè: Tèmi ń mì. Mo ń gbọ́ "kọ̀" kékeré kan bí mo bá di ìbọn mú ṣinṣin. Mo ti fún síkúrù rẹ̀ títí, kò gbọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún un mọ́. Síkúrù kì í ṣe ohun tó ń gbé èèkù dúró. Ó kàn ń so awẹ́ méjèèjì pọ̀ ni. Ohun tó ń dá èèkù dúró ni pé kí inú igi jókòó pẹrẹsẹ lórí irin, kí ọ̀pá irin kékeré tó wà nísàlẹ̀ èèkù sì wọ ihò rẹ̀ láìsí àyè. Bí nǹkan méjì yẹn kò bá péye, kí ẹ máa fún síkúrù kò ní ṣe ju kí igi là lójú ihò lọ.

Ẹ kọ́kọ́ tú awẹ́ èèkù, ẹ má sì fi ohunkóhun wọ etí rẹ̀ láti yọ ọ́. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ba igi àti àwọ̀ irin jẹ́. Ẹ tú síkúrù ní ìyípo mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí ó ṣì wà nínú ihò, kí ẹ wá fi ìdí síkúrúdíráfà onígi kan orí rẹ̀ jẹ́jẹ́. Awẹ́ tó wà ní òdìkejì yóò sún kúrò fúnra rẹ̀. Ẹ yọ síkúrù tán, kí ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ ti awẹ́ kejì láti inú wá síta. Ẹnu síkúrúdíráfà gbọ́dọ̀ kún ojú síkúrù dáadáa, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò yọ̀, yóò sì ha igi.

Ẹ wá wo inú awẹ́ yẹn. Nígbà mìíràn, ẹ ó rí egbò tí ẹ̀rọ fi sílẹ̀, tàbí ọ̀dà dídán tó ṣàn dé inú tó sì dì síbẹ̀. Bí ojú kò bá rí i, ẹ fi lípsítíìkì tàbí èéfín àtùpà pa irin fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́, ẹ gbé awẹ́ lé e, ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ gbé e kúrò. Ibi tó bá ní àmì ni igi ti ń kan irin. Bí àmì bá wà ní ibì kan ṣoṣo láàárín, ibẹ̀ ni awẹ́ ń gùn tó fi ń mì. Ẹ fi ọ̀bẹ mímú tàbí fáìlì kékeré yọ àmì yẹn nìkan, ẹ tún pa irin, ẹ tún gbé e lé e. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ títí àmì yóò fi yí etí ká. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ẹni tó bá fẹ́ parí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà yóò fá ju bó ṣe yẹ lọ.

Bí ó bá jẹ́ ihò ọ̀pá kékeré yẹn ló fẹ̀ jù, ẹ fi gọ́ọ̀mù epoxy alápòpọ̀ méjì dí i. Ẹ kọ́kọ́ fi pọ́líṣì bàtà pa ọ̀pá náà àti gbogbo irin tó wà nítòsí kí gọ́ọ̀mù má baà lẹ̀ mọ́ ọn, kí ẹ sì fi amọ̀ rírọ̀ dí gbogbo ibi tí ó lè gbà ṣàn wọ inú ìbọn. Ẹ kán gọ́ọ̀mù díẹ̀ sínú ihò, ẹ gbé awẹ́ sí àyè rẹ̀, ẹ fi téèpù dè é di ọjọ́ kejì. Bí ẹ bá yọ ọ́, ihò náà yóò ti bá ọ̀pá tirẹ̀ mu gẹ́lẹ́. Ìdí tí mo fi tẹnu mọ́ pọ́líṣì ni pé gọ́ọ̀mù yìí kò ní àánú: bí ó bá lẹ̀ mọ́ irin, fífọ́ ni ẹ ó fọ́ igi kí ó tó kúrò.

Ìbéèrè: Ẹni tó tà á fún mi ní kí n tún un ṣe fúnra mi. Báwo ni mo ṣe máa fá igi tó yọ láì ha irin?

Ọ̀nà méjì ló wà. Èkíní: ẹ so awẹ́ mọ́ ìbọn, ẹ fi téèpù bo irin, ẹ máa fá igi níbẹ̀. Ó yára, ṣùgbọ́n sáńpépà máa ń gé téèpù láìjẹ́ kí ẹ mọ̀, àwọ̀ dúdú-bí-aró ara irin yóò sì bó lójú kan. Irin tí kì í dípẹtà ṣeé dán padà. Èyí tí wọ́n pa láwọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà kejì lèmi ń yàn. Ẹ so awẹ́ mọ́ ìbọn, ẹ mú pẹ́ńsù tó mú bí abẹ́rẹ́, ẹ fà á lẹ́bàá irin sí inú etí igi tó yọ. Ẹ tú u, ẹ gbé ìbọn sọ́nà jíjìn, kí ẹ wá máa fá igi nìkan lọ́wọ́. Ẹ fi sáńpépà 220 bẹ̀rẹ̀ (bí nọ́ńbà rẹ̀ bá ṣe pọ̀ tó ni sáńpépà ṣe ń kúnná tó), kí ẹ wé e mọ́ igi pẹlẹbẹ. Bí ẹ bá fi ìka lásán fá a, etí yóò yípo. Ẹ dúró kí ẹ tó dé ojú ìlà. Ẹ so ó padà, ẹ fi èékánná wò ó láti irin lọ sí igi àti láti igi lọ sí irin. Nígbà tó bá kù díẹ̀ kó dọ́gba, ẹ bọ́ sí 320, kí ẹ fi 400 parí rẹ̀. Ẹ máa tẹ̀lé ìlà ara igi, ẹ má fá a ní ìbú.

Ẹ bo imú o. Eruku igi kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró, ti cocobolo, igi pupa tó rẹwà tí wọ́n fẹ́ràn láti fi ṣe èèkù, sì máa ń mú kí ara àwọn kan yún wọn.

Ibi tí ẹ fá ti di ìhòòhò. Ẹ fi epo ìpagi pa á fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ó gbẹ, kí ẹ tún un pa. Ẹ má gbàgbé inú àti ihò síkúrù. Ìta nìkan ni wọ́n sábà máa ń pa kí igi tó jáde, inú gbígbẹ yẹn ló sì ń mu omi afẹ́fẹ́ tí igi fi ń wú lónìí tó ń sún kì lọ́la.

Ìbéèrè: Mo ra èèkù mìíràn tí wọ́n ní ti Smith & Wesson ni, kò tiẹ̀ wọlé rárá.

Orúkọ ilé iṣẹ́ nìkan kò tó. Lẹ́tà ni Smith & Wesson fi ń pe ìwọ̀n ara ìbọn wọn: J ni kékeré, K àti L wà láàárín, N ló tóbi. Èèkù kan náà ni K àti L ń lò, ti J kò lè wọ̀ wọ́n láéláé. Lẹ́yìn èyí, ẹ wo ìdí irin èèkù: àwọn kan rí roboto, àwọn kan ní igun. Èèkù onígun lè bo ìdí roboto bí wọ́n bá ṣe é fún un, ṣùgbọ́n ti roboto kò lè bo onígun. Ti Ruger GP100, revolver ilé iṣẹ́ mìíràn, tún yàtọ̀ pátápátá. Òpó irin kékeré ló ní, èèkù ló máa ń bò ó yíká, kò sí etí irin níta tí igi yóò bá dọ́gba.

Ìbéèrè: Láti ìgbà tí mo ti pààrọ̀ èèkù, òòlù ìbọn ń lu ìdí ọta, ọta kì í sì dún nígbà mìíràn. Èèpo ọta náà ń há bí mo bá fẹ́ dà á nù.

Èyí kì í ṣe ọ̀ràn ẹwà mọ́. Bí ìbọn yìí bá jẹ́ èyí tí ẹ gbé ẹ̀mí yín lé, ẹ dá èèkù àtijọ́ padà lónìí.

Ẹ wo sípíríìnì. Lára K, L àti N tí mo dárúkọ lókè, sípíríìnì pẹlẹbẹ ló ń ti òòlù, síkúrù kékeré kan tó wọlé láti iwájú irin èèkù ló sì ń tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá tú èèkù lè rò pé síkúrù èèkù nìyẹn, kó tú u díẹ̀. Òòlù yóò wá máa lu ọta láìlágbára. Ẹ fún un padà títí yóò fi dúró. Bí ó bá ti wà ní fífún, ẹ yọ awẹ́ kan, ẹ fa òòlù ìbọn òfìfo náà sẹ́yìn jẹ́jẹ́, kí ẹ wò bóyá sípíríìnì ń ha inú awẹ́ kejì. Ìlà dídán lára igi yóò sọ fún yín.

Ní ti èèpo ọta, awẹ́ ọwọ́ òsì ni kí ẹ wò, torí ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni àgbá máa ń ṣí sí. Bí orí rẹ̀ bá nípọn, etí èèpo yóò kọ́ ọ. Ibẹ̀ ni kí ẹ gé kòtò sí, kí ẹ máa fi èèpo òfìfo wọ̀n ọ́n bí ẹ ti ń fá a.

Ìbéèrè: Revolver mi dà bí ìbọn Colt ti ọdún 1873, igi rẹ̀ kò sì ní awẹ́ méjì. Báwo ni mo ṣe máa tú u?

Odidi igi kan ni, irin iwájú àti irin ẹ̀yìn ló há a mọ́ àárín. Irin ẹ̀yìn ni kí ẹ tú: síkúrù méjì wà lókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ òòlù, ọ̀kan wà nísàlẹ̀ èèkù. Gígùn wọn lè yàtọ̀, nítorí náà ẹ to wọ́n sílẹ̀ bí ẹ ṣe tú wọn. Nígbà tí ẹ bá ń dá wọn padà, ẹ fi gbogbo wọn sí àyè ná kí ẹ tó fún èyíkéyìí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, irin ẹ̀yìn yóò wọ́, ẹ ó sì máa dá igi lẹ́bi.

Ìbéèrè: Ṣé kí n kúkú ra onírọ́bà?

Bí ìtapa rẹ̀ bá ń dùn yín lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ni. Rọ́bà bo etí irin, kò sì ní wú. Ṣùgbọ́n ó máa ń fa aṣọ bí ẹ bá ń yọ ìbọn lápò, ó sì ń sé òógùn mọ́lẹ̀. Mo ti tú onírọ́bà rí tí ìta ìbọn ń dán, tí abẹ́ rẹ̀ sì ti dípẹtà. Ẹ máa ṣí i lóòrèkóòrè, ẹ nu irin, kí ẹ sì fi epo pa á díẹ̀ kí ẹ tó dá a padà.