Bí mo ṣe mú ìyá mi sinmi ní lounge kí bàálù wákàtí 16 tó gbé wa

Àwọn ará ilé wa ní Ìlọrin tó rí fọ́tò ìyá mi ní Doha, lórílẹ̀-èdè Qatar, níbi tí wọ́n ti na ẹsẹ̀ sórí àga tí wọ́n ń mu tíì, gbogbo wọn ló ń bi mí pé ṣé business class la wọ̀ ni. Rárá, economy, ìjókòó olówó pọ́ọ́kú, la wọ̀ láti Lagos títí dé Houston ní Amẹ́ríkà, ọwọ́ ẹ̀yìn bàálù gan-an la jókòó sí. Àmọ́ a wọ lounge, ìyẹn yàrá ìsinmi inú éápọ́ọ̀tù, ní Lagos, a tún wọ òmíì ní Doha, mo sì fẹ́ ṣàlàyé bí mo ṣe ṣe é torí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń mú òbí lọ sókè òkun lọ wo ọmọ tuntun, tí wọ́n á kàn jẹ́ kí ìyá tàbí bàbá jókòó sórí àga irin lẹ́nu géètì títí ilẹ̀ á fi mọ́, tẹ́ ẹ bá sì béèrè wọ́n á ní ibi àwọn olówó nìyẹn.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ fáàrí rárá. Ìyá mi ti lé ní ẹni 70 ọdún, aṣọ òfì ni wọ́n ń tà látìgbà tí mo ti gbọ́njú, ìjókòó ṣọ́ọ̀bù ọdún gbọọrọ yẹn ló sọ ẹsẹ̀ wọn di èyí tó máa ń wú tí wọ́n bá ti jókòó pẹ́. Lagos sí Doha ń lọ bíi wákàtí 7, Doha sí Houston tó bíi wákàtí 16, ẹ wá ro ìdúró àárín ẹ̀ mọ́ ọn. Dókítà wọn ti sọ fún wa pé kéèyàn jókòó sójú kan ju wákàtí 4 lọ lè jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan ẹsẹ̀, àgàgà àgbàlagbà, pé tí ẹ̀jẹ̀ dídì yẹn bá wá ṣí kúrò níbẹ̀ tó lọ bá ẹ̀dọ̀fóró ó lè pààyàn. Látìgbà tí mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn ni mo ti mọ̀ pé mi ò ní gbé ìyá mi ti bàálù sí bàálù láìjẹ́ pé wọ́n sinmi láàárín. Ibi tí wọ́n á ti gbé ẹsẹ̀ sókè, kí wọ́n wẹ̀, kí wọ́n kírun, kí wọ́n jẹ oúnjẹ gbígbóná, ìyẹn ni mò ń wá.

Ìlọrin gan-an ni iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀ o, kì í ṣe Lagos. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí nǹkan yìí ṣe rí. Lounge ti àwọn ilé iṣẹ́ bàálù fúnra wọn wà, àwọn tó wọ business class àti first class ló wà fún, ó sì ti pẹ́ láyé, torí 1939 ni American Airlines ti ṣí tiwọn ní éápọ́ọ̀tù LaGuardia ní New York. Àmọ́ lounge míì wà tí kì í ṣe ti bàálù kankan, economy lẹ wọ̀ àbí business kò kàn wọ́n, kẹ́ ẹ ṣáà ti ní káàdì tí wọ́n ń gbà tàbí kẹ́ ẹ sanwó lẹ́nu ọ̀nà. Priority Pass ni èyí táwọn èèyàn mọ̀ jù nínú irú káàdì bẹ́ẹ̀, 1992 ni wọ́n dá a sílẹ̀, báńkì púpọ̀ ló sì máa ń fi í kún káàdì ńlá wọn, àwọn tí wọ́n ń pè ní Platinum tàbí Infinite tàbí World. Ẹlòmíì ní káàdì yẹn nínú pọ́ọ̀sì láti ọjọ́ yìí wá, kò mọ̀ pé lounge ń bẹ nínú ẹ̀.

Mo lọ sí báńkì mi. Ọmọbìnrin tó kọ́kọ́ dá mi lóhùn ní òun ò mọ nǹkan kan nípa lounge, ó ní kí n lọ padà wá, mi ò lọ, mo ní kó jọ̀ọ́ pe ọ̀gá ẹ̀ fún mi. Ọ̀gá yẹn ló wá ṣàlàyé pé káàdì dọ́là tí mo ní ń wọ lounge, pé kí n gbé app tí wọ́n fi ń wọ lounge sórí fóònù kí n fi nọ́ńbà káàdì forúkọ sílẹ̀ kí n tó kúrò nílé, torí tí mo bá dé ẹnu ọ̀nà lounge tí kò tíì sí lórí fóònù, ẹjọ́ ni. Mo tún béèrè ti àlejò, torí èmi nìkan lórúkọ mi wà lórí káàdì. Ó ní àlejò ń sanwó, dọ́là 35 ni wọ́n ń gbà lórí àlejò kan nígbà tiwa yìí, wọ́n á yọ ọ́ látinú káàdì fúnra wọn. Ẹ rí i dájú pé dọ́là wà nínú ẹ̀. Ẹ̀yin tí báńkì bá sọ pé ti yín ò sí ńkọ́? Ẹ lọ sórí app tàbí wẹ́bùsáìtì lounge tó wà ní éápọ́ọ̀tù tẹ́ ẹ ń lọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ wọlé, ẹ sì lè sanwó sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbéra.

Ohun kejì tí mo ṣe láti ilé ni pé mo pe ilé iṣẹ́ bàálù pé ìyá mi máa lo àga oníkẹ̀kẹ́. Ọ̀fẹ́ ni, àmọ́ wọ́n máa ń fẹ́ kéèyàn sọ ọ́ sílẹ̀ ó kéré tán wákàtí 48 ṣáájú. Ìyá mi kọ́kọ́ kọ̀, wọ́n ní "Àṣàkẹ́, ẹsẹ̀ mi ò tíì rọ o." Mo bẹ̀ wọ́n, mo ní "Ìyá, ẹ̀yin kọ́ lẹ ò lè rìn, éápọ́ọ̀tù yẹn ló jìn." Wọ́n gbà.

Láti éápọ́ọ̀tù Ìlọrin, èyí tí wọ́n fi sọrí Ọ̀gágun Túndé Ìdíàgbọn, la ti wọ bàálù lọ Lagos, ibẹ̀ náà ni ìyá mi ti gbéra lọ Hájì láyé ọjọ́un, wọ́n sì ń júwe ibi tí wọ́n jókòó sí nígbà yẹn fún mi. Bàálù àárọ̀ ni mo mú bó tiẹ̀ jẹ́ pé alẹ́ la máa kúrò ní Lagos. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Bàálù abẹ́lé lè pẹ́, ó lè má tiẹ̀ gbéra lọ́jọ́ yẹn, ilé tí bàálù abẹ́lé ń já èèyàn sí ní Lagos sì yàtọ̀ sí ti òkèèrè, ẹ máa gba ẹrù yín jáde, ẹ máa wá mọ́tò gbé yín débẹ̀. Ẹni tó bá gé àkókò ẹ̀ kúrú kò ní í rí lounge kankan wọ̀, sísá ló máa sá.

Tí wọ́n bá ti gba àpótí yín, tí wọ́n wo káàdì yẹ́lò fífà yín, tí ẹ kọjá ọ̀dọ̀ àwọn imigiréṣọ̀n àti ibi tí wọ́n ti ń yẹ ara wò, lounge máa ń wà lọ́wọ́ iwájú ibẹ̀. Nǹkan olómi tàbí nǹkan fífipa tó bá ju 100ml lọ nínú báàgì ọwọ́, wọ́n máa gbà á, nítorí náà inú àpótí ńlá ni mo ti fi rọ́bà òrí ìyá mi sí láti ilé.

Lounge Lagos ò gbà wá lákòókò púpọ̀. Mo fi app hàn wọ́n pẹ̀lú bọ́ọ̀dìn páàsì àwa méjèèjì, wọ́n yọ owó àlejò, wọ́n ní ẹ káàbọ̀ Màmá. Ìráìsì jọ̀lọ́fù wà, mọ́ínmọ́ín wà, ẹja wà, tíì àti kọfí. Ọtí náà wà lórí káńtà ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá mú òbí tó jẹ́ mùsùlùmí lọ ẹ wá ìjókòó sí ọwọ́ kejì, kí wọ́n lè jẹun pẹ̀lú ọkàn tó balẹ̀. Ìyá mi wo oúnjẹ yẹn, wọ́n fà mí létí, wọ́n ní "Èló ni wọ́n ń tà á?" Mo ní wọ́n ti san án Ìyá, ẹ jẹun. "Ta ló san án?" Mo ní èmi ni. Àdúà tí wọ́n ṣe fún mi níbẹ̀ yẹn, mi ò lè kọ gbogbo ẹ̀ tán síbí. Mọ́ínmọ́ín àti ẹja ni wọ́n jẹ, mi ò jẹ́ kí wọ́n jẹ oúnjẹ tó wúwo torí ikùn máa ń wú lókè, ìráìsì púpọ̀ lálẹ́ kéèyàn tó wọ bàálù kò dáa rárá, omi ni mo fún wọn dáadáa torí afẹ́fẹ́ inú bàálù gbẹ gan-an. A ṣáàjì fóònù, a kírun, wọ́n pè wá.

Doha gan-an ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀.

Éápọ́ọ̀tù Hamad tí wọ́n ṣí ní 2014 nìyẹn, ó tóbi débi pé ọkọ̀ ojú irin kékeré kan ń sáré nínú ilé láti ìpẹ̀kun kan sí ìkejì. Ère ẹranko béárì aláwọ̀ yẹ́lò kan wà láàárín ibẹ̀ tí iná lámpù jáde láti orí ẹ̀, ó ga tó mítà 7, ìyá mi ní kí wọ́n dúró kí àwọn wò ó dáadáa. Ọmọkùnrin tó ń ti àga wọn ń mú wa lọ síbi tí wọ́n ń kó àwọn oníkẹ̀kẹ́ jọ sí, ẹ gbọ́ o, ẹ tètè sọ fún wọn pé lounge lẹ̀ ń lọ, wọ́n á gbé yín débẹ̀, ẹ sì bá wọn ṣàdéhùn àkókò tí wọ́n máa padà wá gbé yín lọ sí géètì. Ẹ fi bọ́ọ̀dìn páàsì hàn wọ́n, kí wọ́n rí àkókò náà fúnra wọn.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ nìyí: lounge oníkáàdì sábà máa ń fúnni ní wákàtí 3 péré. Ìdúró tiwa gùn ju ìyẹn lọ dáadáa. Ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ tó wọ lounge lójú ẹsẹ̀, wákàtí ẹ̀ á tán, á wá lo ìyókù lórí àga ìta, kó tó wọ bàálù tó gùn jù. Nítorí náà yàrá ìkírun la kọ́kọ́ lọ, tobìnrin yàtọ̀ sí tọkùnrin, ibi àlùwàlá wà níbẹ̀ tó mọ́ tónítóní tí ìjókòó wà níwájú ẹ̀rọ omi, ìyá mi ò níláti gbé ẹsẹ̀ ga. Lẹ́yìn náà la lọ sí ọgbà igi tí wọ́n gbìn sínú ilé níbẹ̀, Orchard ni wọ́n ń pè é, igi gidi ni, wọ́n rìn díẹ̀díẹ̀ níbẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ lè lọ kó bọ̀. Ìgbà tó kù bíi wákàtí 4 kí bàálù gbéra la tó lọ sí lounge. Ẹ má ṣi ọ̀nà lọ sí Al Mourjan o, ìyẹn tóbi ju 10,000 mítà onígun mẹ́rin lọ, ó sì rẹwà lóòótọ́, àmọ́ ti business class ni, wọn ò ní gba Priority Pass.

Bí a ṣe wọlé ni mo ti forúkọ sílẹ̀ fún ṣáwà, kí n tó wo oúnjẹ rárá, torí àwọn èèyàn máa ń tò sí i. Wọ́n fún wa ní táwẹ́ẹ̀lì funfun àti ọṣẹ. Omi gbígbóná yẹn, mo dà á sí ìyá mi lẹ́yìn, mo fọ ẹsẹ̀ wọn, mo rí i bí ara wọn ṣe ń rọ̀, wọ́n ń sọ pé Alihamudulilai, Ọlọ́hun má jẹ̀ẹ́ kí n rí ẹ̀yìn ẹ. Owó yòówù tí mo san, ibẹ̀ yẹn ló ti pé mi. Wọ́n wọ bùbá tuntun, wọ́n na ara sórí àga gígùn ní kọ̀rọ̀ tí iná ò ti mọ́lẹ̀ púpọ̀, mo fi pílò méjì gbé ẹsẹ̀ wọn sókè, wọ́n sùn.

Nígbà tí wọ́n jí tí ẹsẹ̀ ti fà, ìgbà yẹn ni mo wọ sọ́kìsì tó máa ń fún ẹsẹ̀ fún wọn, dókítà ló ní kí n máa wọ̀ ọ́ nígbà tí ẹsẹ̀ ò tíì wú, pé tó bá ti wú tán wàhálà ni láti wọ̀ ọ́. Ẹ bi dókítà yín kẹ́ ẹ tó ra tiyín o, kò yẹ gbogbo ẹsẹ̀. Ọbẹ̀ ẹ̀wà pupa kan tí wọ́n sè pẹ̀lú tòmátì ni wọ́n jẹ níbẹ̀ pẹ̀lú búrẹ́dì, wọ́n ní tí àwọn bá dé ilé àwọn á gbìyànjú ẹ̀ wò.

Ẹ wo àkókò yín dáadáa. Lounge púpọ̀ kì í pe bàálù, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa ṣọ́ ọ, wákàtí 2 sì ni Doha fi ṣáájú Nàìjíríà, ẹni tó bá ń wo aago ọwọ́ tó wọ̀ láti Ìlọrin á ṣìnà. Àwa tá à ń lọ Amẹ́ríkà, wọ́n tún máa ń yẹ wá wò lẹ́ẹ̀kan sí i lẹ́nu géètì, torí náà ẹ kúrò ní lounge ṣáájú àwọn tó ń lọ ibòmíì, omi tẹ́ ẹ bá rọ síke ẹ mu ún tán kẹ́ ẹ tó débẹ̀.

Nínú bàálù, wákàtí méjì méjì ni mo ń gbé ìyá mi dìde kí wọ́n rìn dé ẹ̀yìn, ìjókòó etí ọ̀nà ni mo sì ti yàn fún wọn. Houston la dé, ẹsẹ̀ wú díẹ̀, kò wú bí mo ṣe rò, wọ́n fẹsẹ̀ ara wọn rìn jáde lọ gba ọmọ lọ́wọ́ àbúrò mi. Èmi ni mo máa kọ́kọ́ padà sílé torí iṣẹ́, ìyá mi máa dúró sí i, nítorí náà mo ti bá wọn ṣètò ti àbọ̀ báyìí: àga oníkẹ̀kẹ́ ti wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì, mo ti sanwó lounge Doha sílẹ̀ lórúkọ wọn, mo kọ ọ́ sórí pépà ní gẹ̀ẹ́sì gàdàgbà pé lounge ni kí wọ́n gbé Màmá lọ àti àkókò tí wọ́n máa padà wá gbé wọn, pépà yẹn ti wà nínú páṣípọ́ọ̀tù wọn.